Ìwé Tí A Kà fún Bàbá Àgádágodo

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí àwọn àgbà bá fi òwe yìí bá ọ̀lẹ wí, ó máa ń dùn ún wọ eegun; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi pe Ndeonasia, ọmọ Machame ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro, oríkì ni. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àáké tí yóò gbé dojú kọ àpáta nítorí ìfẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́, òun ló sì pọ́n ọn.

Ọ̀nkọ̀wé ni Ndeonasia. Ìwé ìtàn mẹ́rin ló ti kọ lédè Swahili, àwọn èrò bọ́ọ̀sì Dar es Salaam a sì máa kà wọ́n títí wọn yóò fi kọjá ibi tí wọ́n ń lọ. Ohun tí ìwé bá mú wá, kò fi kọ́lé, kò fi ra góòlù. Abúlé ló ń gbé e lọ, àwọn abúlé tí ọmọbìnrin ti ń ru garawa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Á fa ẹ̀rọ omi débẹ̀, á sì kó àpótí ìwé ìtàn tẹ̀ lé e, nítorí ó gbà pé ọmọ tó bá bọ́ lọ́wọ́ garawa, ó yẹ kí nǹkan mìíràn wà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò gbá mú. Iṣẹ́ rere ni, Olódùmarè a sì máa san iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò yé kùn.

"Nasia," ìyá á wí, "gbogbo ayé lò ń fún lómi. Òùngbẹ ọmọ-ọmọ ló ń gbẹ èmi."

"Màámi, ẹ mu tíì yín."

"Tíì kì í pe ènìyàn ní ìyá àgbà!"

Ndeonasia á rẹ́rìn-ín, á wọ yàrá, á jókòó ti ìwé rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Nínú ìwé, ó ti fi ọ̀pọ̀ wúńdíá fọ́kọ. Òun alára kò rí ẹni tí yóò fi òun sí orí ìlà kan.

Ní ọjọ́ òjò kan ni ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà abúlé Lemiri, pẹ̀lú àpótí ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi èjìká tì í, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan yọ láti inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ dé èjìká. Ndeonasia lọgun.

"Ẹ má sá, arábìnrin. Màlúù ló bímọ. Mi ò pa ẹnikẹ́ni."

"Ta ló sọ pé mo fẹ́ sá? Ọkọ̀ mi ni mò ń bá wí."

"Kò ní gbọ́ o. Iwájú lẹ̀ ń tì í sí. Ẹ̀yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, bí ọmọ màlúù tó fẹ́ fi ìdí wáyé. Ẹ máa kọ́kọ́ dá a padà ná."

"Ṣé màlúù lọkọ̀ mi ni?"

"Àwọn méjèèjì la fi sùúrù ń bá lò."

Ó gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ táyà, ó ní kí ó wa ọkọ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó wá síwájú. Ọkọ̀ fò jáde, ó sì da ẹrẹ̀ bo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lápá kan, ẹrẹ̀ lápá kejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ẹran ni, Aminieli lorúkọ rẹ̀. Ó yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Kí ló wà nínú àpótí?"

"Ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ Lemiri. Ẹlòmíràn ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Èmi náà kọ díẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ìtàn Bàbá Àgádágodo, àbí?"

Inú Ndeonasia dùn. Ìwé yẹn ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù: ìtàn ọkùnrin ahun kan tó ni orísun omi abúlé, tó sì ti àgádágodo mọ́ ọn. "Ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á," ni Aminieli wí, ẹ̀rín rẹ̀ sì tán lójijì bí ìgbà tí àwọsánmà bo Kibo, ṣóńṣó orí Kilimanjaro. Ndeonasia rí i, ṣùgbọ́n kò béèrè. Àwa ènìyàn kì í béèrè ohun tó yẹ ní ọjọ́ tó yẹ.

Òjò yẹn lọ, òmíràn dé. Aminieli a máa sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú Moshi láti ra abẹ́rẹ́ àjẹsára màlúù, á sì yà sílé Ndeonasia kí i. Nígbà tó yá, ó ń yà láìsí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ìwọ Nasia," ni obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá wí, "irú màlúù wo ló ń gba abẹ́rẹ́ ní gbogbo Sátidé?"

Bí Aminieli bá dé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bó ẹ̀pà, á máa wo òjò, Ndeonasia á sì máa kọ̀wé. Nígbà mìíràn á ka ohun tó kọ sí i létí. Bí kò bá dára, Aminieli á ní, "Ibẹ̀ yẹn ń tiro," kò sì ní parọ́ láti tù ú nínú. Ohun tó mú ọkàn obìnrin náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti yìn ín. Ẹni yìí ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ó bá lọ tán, ilé á gbòòrò jù, àga tó jókòó sí á dà bí ẹni tó ń retí ẹnìkan. Ndeonasia tó ti fi ìfẹ́ kún ìwé mẹ́rin wá rí i pé bí ẹni ń ròyìn òkun láì tíì fẹsẹ̀ kan omi ni òun ti ń kọ ọ́.

Ní Sátidé kan, Aminieli gbé ife kọfí sílẹ̀.

"Nasia, mo fẹ́ kí o jẹ́ ìyàwó mi."

Ọkàn rẹ̀ fò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ilé kọ́ ni, ìbéèrè ilé ló sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé àwọn bàbá mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Bàbá mi ni Ndekirwa, olórí odò Lemiri."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ndeonasia lára bí omi tútù. Gbogbo ọmọ òkè ló mọ ohun tí olórí odò jẹ́. Àwọn baba ńlá ló fọwọ́ gbẹ́ odò wọ̀nyí láti abẹ́ igbó wá sínú oko, ìdílé ẹni tó bá gbẹ́ ẹ ló sì ń pín in fún gbogbo ilé, olúkúlùkù pẹ̀lú àsìkò tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bu omi ní orísun, yóò gbé mbege, ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọkà bàbà, lọ sílé olórí odò, yóò jókòó, yóò tọrọ. Nígbà tí Ndeonasia fa ẹ̀rọ omi sí Lemiri, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, pásítọ̀ gbàdúrà sí i, gbogbo abúlé pàtẹ́wọ́. Kò gbé ìkòkò ọtí kankan lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ jù ní ìgboro. Ó rò pé níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti wà, ọtí ti parí iṣẹ́. Àlejò ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kí a foríjì í. Ọmọ òkè ló ṣe é, ìyẹn ló fi di ìwọ̀sí.

"Ìyẹn nìkan kọ́," Aminieli ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Láti ìgbà tí ìwé rẹ ti jáde, kò sẹ́ni tó tún ń pe bàbá mi lórúkọ mọ́. Bàbá Àgádágodo ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdé á pè é tán, wọ́n á sá wọnú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mi ò mọ bàbá rẹ rí! Inú orí mi ni mo ti hun ìtàn yẹn, kí n tó mọ ọ̀nà Lemiri rárá!"

"Mo mọ̀. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni ò mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi lọ́jọ́ ẹrẹ̀ yẹn?"

"Ká ní mo sọ ọ́, ṣé ò bá jẹ́ kí n máa wá ra abẹ́rẹ́?"

Ndeonasia fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde. Lẹ́yìn ẹ̀rín, ẹkún.

Ní ilẹ̀ wọn, ilé ọkùnrin ló ń rán alárinà sí ilé obìnrin. Ṣùgbọ́n Bàbá Ndekirwa ti búra pé òun kò ní rán ẹnikẹ́ni. Ni àbúrò bàbá Ndeonasia, Àǹtí Nakiete, bá dorí àṣà kodò, ó gbé mbege, ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omi. Àǹtí Nakiete ti so ìgbéyàwó tó pọ̀ ní Machame. Bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ki ìdílé tó bá lọ, òkúta á rọ̀: ọmọ arúgbó olórí funfun tí kì í sọ̀kalẹ̀ wá sọ́jà, ọmọ a-gbẹ́-ilẹ̀-kí-omi-rí-ọ̀nà, ọmọ a-pín-in-kó-kárí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó padà dé, ó bọ́ bàtà jù sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ fún mi lómi kí n tó sọ̀rọ̀. Rárá, omi ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fún mi ní tíì."

"Àǹtí, kí ni wọ́n sọ?" ni Ndeonasia béèrè.

"Mo kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún mi yìí tí dókítà ní kí n má tẹ̀. Mo kì wọ́n títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Bàbá yẹn gbọ́ gbogbo ẹ̀ o, orí ń mì jọ́ọ́jọ́ọ́, mo ní ó ti bọ́ sí i! Ló bá ní, 'O mọ oríkì. Ẹni tó ti mu omi tán, ṣé òun ló ń gbé ọtí wá tọrọ omi?' Mo ní, 'Bàbá, ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.' Ó ní òkú náà máa ń dé ibojì."

"Yéè!" ni ìyá Ndeonasia wí.

"Wọ́n gbé ọtí wa sẹ́yìn ọgbà. Adìẹ ló ń ṣá ìfófò orí ẹ̀ jẹ nígbà tí mò ń bọ̀. Mbege tí mo fọwọ́ ara mi pọn!"

Ìyá Ndeonasia yí sí ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bẹ́ẹ̀ bí ohùn ìyá bá rọ̀, ohun líle ló fẹ́ sọ. "Ọmọ mi, fi ìwé kíkọ sílẹ̀. Ránṣẹ́ sí wọn pé o ò kọ ọ́ mọ́, pé irọ́ lo pa nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ á tán."

"Màámi, bí mo bá fi ìyẹn wọlé ọkọ, ta ni wọ́n gbé níyàwó? Kì í ṣe èmi."

Aminieli náà dé pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ó ti bá akọ̀wé kóòtù ní Moshi sọ̀rọ̀. Wọ́n lè so wọ́n pọ̀ níbẹ̀ láìsí bàbá, láìsí ọtí.

"Rárá," ni Ndeonasia wí.

"Nasia, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Kí ló kù?"

"Ẹnu ọ̀nà ló kù. Mi ò ní gba ojú fèrèsé wọ ilé yín. Ọmọ tí a bá bí, ṣé ojú fèrèsé ni yóò ti máa kí bàbá àgbà rẹ̀?"

"Kí wá ni wàá ṣe?"

"Èmi ni mo ṣẹ̀. Èmi fúnra mi ni n óò lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pamọ́ fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ó ní, "Olúwa, ẹnu tí mo ní yìí, ìwọ lo fún mi. Má jẹ́ kí n fi ṣe ìgbéraga, má sì jẹ́ kí n tà á." Ó dìde, ó wọkọ̀.

Ìyá Aminieli, Màmá Eliaika, ló pàdé rẹ̀ létí ọgbà, níbi tí wọ́n ti gbin ewé isale, pèrègún àwọn ará òkè, yí ilé ká. Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìwọ ni, àbí? Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ti dé, ẹ̀yìn mi ò dùn mí mọ́. Ọlọ́run á bùkún fún ọ. Ṣùgbọ́n tá a bá wọlé, mi ò mọ̀ ọ́ rí o."

"Ó dáa, Màámi."

"Má pè mí ní Màámi níbẹ̀ yẹn! Bàbá Aminieli ní etí."

Ndeonasia já ewé isale kan, ó ta á ní kókó, ó wọlé. Bàbá Ndekirwa jókòó sábẹ́ igi kọfí, ọ̀pá láàárín ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti rú bí omi ìfọrẹsì; òjìji nìkan ló ń rí. Aminieli dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ndeonasia ni, Bàbá. Láti Machame."

"Hùn. Wọ́n ní obìnrin Machame kì í dúró kí wọ́n fún un láàyè kó tó jókòó."

"Mo kúnlẹ̀ ni, Bàbá. Mi ò jókòó."

Ikọ́ mú Màmá Eliaika nínú ilé ìdáná. Bàbá na ọwọ́. "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ewé isale ni."

Lórí òkè yẹn, bí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ bá fi isale bẹ̀ ọ́, o kò gbọdọ̀ lé e. Ìbáà jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló wà láàárín ìdílé méjì, ewé náà á pa á rẹ́.

"Bàbá," ni Ndeonasia wí, "orísun tí baba ńlá yín fọwọ́ gbẹ́, mo fa ẹ̀rọ sí i. Mo lọ sọ́dọ̀ ìjọba, mo lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà onílé, mi ò yà. Ọmọ òkè ni mí, mo sì ṣe bí ẹni tí òkè ò bí. Mo jẹ̀bi. Ẹ foríjì mí."

Bàbá gba ewé náà, ó fi àtàǹpàkò wá kókó rẹ̀ títí ó fi rí i.

"Ọlọ́run gbọ́, mo foríjì ọ́. Ẹ̀rọ rẹ á máa ṣiṣẹ́. Kò sí ìjà omi láàárín wa mọ́."

Aminieli ti fẹ́ fò mọ́ ọn.

"Dúró níbẹ̀, dókítà màlúù! Ewé ní kí n foríjì í. Ewé ò ní kí n fún un ní ọmọ mi." Ó dojú kọ òjìji obìnrin náà. "Ìwé rẹ ńkọ́? Ṣé o mú ewé wá fún ìyẹn náà?"

Ìdánwò dé. Ewé ń bẹ ní gbogbo etí ọgbà. Bí ó bá já òmíràn, bàbá kò ní lè kọ̀. Aminieli ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ndeonasia wo ewé, ó wo bàbá.

"Rárá, Bàbá. Ti omi, mo jẹ̀bi. Ti ìwé, mi ò mọ̀ yín nígbà tí mo kọ ọ́. Bí mo bá ní mo fi yín ṣẹ̀sín, irọ́ ni, mi ò sì lè fi isale parọ́."

"Ó lẹ́nu," ni bàbá wí, bí ẹni ń sọ fún ọ̀pá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Gbogbo Lemiri ló mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn àfi èmi. Ojú mi ti rú kó tó jáde, ọmọ mi sì kọ̀, kò kà á fún mi. Ìwọ tó kọ ọ́, wá kà á sí mi létí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ tí o bá kà á tán ni n óò dáhùn lórí ìgbéyàwó yìí. Bí mo bá sì ti dáhùn, kò sí àǹtí tí yóò fi oríkì yí i padà."

Báyìí ló di pé, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, Ndeonasia á gòkè lọ sí Lemiri, á jókòó sábẹ́ igi kọfí, á máa kàwé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó kà á bí ẹni tó ń retí ìbínú. Ṣùgbọ́n ohun tí kò retí ṣẹlẹ̀: bàbá náà rẹ́rìn-ín.

"Ó ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn sùn? Òmùgọ̀ ni bàbá yìí! Tó bá yí ara padà ńkọ́?"

"Á gún un, Bàbá."

"Kó gún un! Ó tọ́ sí i. Máa kà á lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ti ń jiyàn pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú ìwé. Ó ní ọbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sè ní ojú ewé yẹn kò jinná, ó ní kí Màmá Eliaika sọ bó ṣe yẹ kó rí. Màmá Eliaika sọ ọ́ láti inú ilé, ó sì fi kún un pé òun mọ ọkùnrin kan tó ju ti inú ìwé lọ lágídí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá béèrè pé, "Ṣé ó ní ọmọ?"

"Kò ní, Bàbá."

"Ìyàwó?"

"Kò ní."

"Ta ló wá ń fi omi pamọ́ fún?"

Ndeonasia kọ ìbéèrè náà sí etí ojú ewé. Gbogbo àwọn tó ka ìwé náà, kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Aminieli a máa sìn ín dé ibi ọkọ̀. Láàárín igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìka wọn á kan ara wọn, wọ́n á sì yára jáwọ́ bí ọmọdé tó jí ṣúgà. Ìrètí ń gbèrú. Ṣùgbọ́n bí ojú ewé ti ń dín kù, ẹ̀rù ń pọ̀ sí i, nítorí àwọn méjèèjì mọ bí ìwé náà ṣe parí. Bàbá Àgádágodo kú. Kò sẹ́ni tó sunkún. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ṣí omi, wọ́n sì jó lórí ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí. Ibẹ̀ ni àwọn èrò bọ́ọ̀sì ti máa ń rẹ́rìn-ín jù.

"Fò ó," ni Aminieli wí, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan. "Sọ pé ó ronú pìwà dà. Ojú rẹ̀ ò ríran, Nasia, kò ní mọ̀ láéláé."

"Ṣé o fẹ́ kí n fi irọ́ wọlé bàbá rẹ?"

"Mo fẹ́ kí o wọlé ni!"

Igbe ni, ó sì jáde láti ibi jíjìn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó jẹun, kò mọ adùn. Ó ń rò ó: kí ni ojú ewé kan já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ? Ta ni yóò pa á lára? Ó tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó dúró sí iwájú ògiri, ó sọ òpin mìíràn jáde, òpin tó dùn, tó rọ̀. Ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń ta ọjà tó ti bà jẹ́. Aminieli ìbá ní ó ń tiro. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà àtijọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dìde pẹ̀lú ọkàn kan ṣoṣo. Bí ọkọ bá lọ, kí ó lọ. Òun kò ní fò ó.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Ó ṣí ìwé, kò wo Aminieli.

"'Wọ́n gbé e wọlẹ̀ bí ẹni gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀,'" ó kà á. "'Kò sí ẹkún. Àwọn obìnrin ti gbé garawa dání wá síbi ìsìnkú, kí wọ́n má baà padà sílé kí wọ́n tó lọ pọn omi. Nígbà tí erùpẹ̀ bò ó tán, ẹnìkan rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rẹ́rìn-ín...'"

Bàbá kò jiyàn. Kò béèrè ohunkóhun. Nínú ilé ìdáná, Màmá Eliaika ti dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ndeonasia kà á dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ó sì pa ìwé dé.

"Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nìyẹn?" ni bàbá wí.

"Ibẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo mọ ọmọ mi; ó ti ní kí o fò ó."

Aminieli wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Ndeonasia dáhùn.

"Kí ló dé tí o ò fò ó?"

"Bí mo bá fò ó lónìí, gbogbo ohun tí mo bá sọ fún yín lẹ́yìn èyí, ẹ ò ní mọ ibi tí mo tún fò níbẹ̀."

Bàbá náà gbé ọ̀pá rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tó lé Àǹtí Nakiete mọ́.

"Mo ti ń pín omi láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Ẹni tí kì í ṣe àsìkò rẹ̀, mo máa ń lé e, ìgbà mìíràn mo máa ń lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò sọ pé ẹni rere ni mí. Bí àwọn ọmọ yẹn bá pè mí lórúkọ ìwé rẹ, orúkọ kọ́ ló ń dùn mí. Mo máa ń gbọ́ pé wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú ẹ̀. Mo ní, ṣé bí wọ́n ṣe máa ṣe tèmi náà nìyẹn?"

Omi lé sí Ndeonasia lójú. Ó ti rò pé ìtìjú ló mú bàbá náà bínú. Ẹ̀rù ni.

"Bàbá, ká ní mo mọ̀ yín nígbà yẹn, ǹ bá ti fi ẹnìkan síbẹ̀ tí yóò sunkún. Wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ lọ́dún yìí. Mo lè fi í sí i. Kì í ṣe nítorí ìgbéyàwó. Ẹ ti béèrè ẹni tó ń fi omi pamọ́ fún, mi ò sì tíì rí èsì."

"Má fọwọ́ kàn án," ni bàbá wí. "Ẹni tó kú nínú ìwé ti kú. Èmi ṣì wà láàyè." Ó gbé orí sókè, ó lọgun. "Eliaika!"

"Mo ń gbọ́, Bàbá Aminieli."

"Gbogbo ìgbà lo ń gbọ́. Pọn mbege, kí o pọn ọ́n dáadáa, kí àǹtí wọn má baà ní tiwa ò tó tirẹ̀. Aminieli, lọ sọ fún arákùnrin ìyá rẹ pé òun ni alárinà. Kí ó wọ bàtà tó le. Ọ̀nà Machame jìn."

Ìlù ayọ̀ ni Màmá Eliaika fi ọwọ́ lù lára abọ́. Aminieli kò sáré lọ ibi kankan. Ó kàn dúró, ó ń wo ìyàwó rẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń wá a, títí Ndeonasia fi sún mọ́ ọn lórí ìkúnlẹ̀, tí ọwọ́ arúgbó náà sì fi bà lé e lórí.

"Ndeonasia."

"Bàbá mi."

"Bí ọjọ́ mi bá pé, jọ̀wọ́, wá sunkún mi."